Ìbéèrè Yín: Ta Ni Ọ̀gágun Spínola, Ipò Wo Ló sì Tọ́ Sí I Nínú Ìtàn?

Ìbéèrè kìíní

Olóòtú wa ọ̀wọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Olùkọ́ ìtàn ni mí ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Ìjẹ̀bú-Òde. Nígbà tí mo ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi nípa bí àwọn ilẹ̀ Áfíríkà tó wà lábẹ́ Pọ́túgàl ṣe gba òmìnira, orúkọ Ọ̀gágun António de Spínola jẹ yọ, ó sì di àríyànjiyàn láàárín èmi àti olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi. Ó ní ọkùnrin náà ló tú Áfíríkà sílẹ̀, nítorí pé òun ni wọ́n gbé ìjọba lé lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n lé àwọn apàṣẹwàá kúrò ní Lisbon ní 1974. Èmi ní ohun tí mo mọ̀ ni pé òun ni gómìnà tó ń bá Amílcar Cabral jagun ní Gínì-Bìsáù, wọ́n sì máa ń sọ pé òun ló wà nídìí ikú Cabral. Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ ta ni ká gbà nínú àwa méjèèjì?

Olùkọ́ kan, Ìjẹ̀bú-Òde

Ìdáhùn

Ẹ kú iṣẹ́, olùkọ́, ẹ sì kú làálàá àwọn ọmọ. Nínú ọ̀rọ̀ tiyín àti ti ẹlẹgbẹ́ yín, kò sí èyí tó jẹ́ irọ́ pátápátá, kò sì sí èyí tó jẹ́ òótọ́ délẹ̀. Ọkùnrin kan náà ló ṣe gómìnà amúnisìn, òun náà ló sì kọ ìwé tó mú kí ìjọba amúnisìn wó lulẹ̀. Bí a kò bá tọpasẹ̀ rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, kò ní yé wa bí méjèèjì ṣe bára wọn gbé inú ẹnì kan ṣoṣo.

Ọjọ́ 11 oṣù kẹrin ọdún 1910 ni wọ́n bí i ní ìlú Estremoz, ní ẹkùn Alentejo ní gúúsù Pọ́túgàl. Ilé ẹ̀kọ́ àwọn ológun ló ti dàgbà, ẹgbẹ́ ọmọ ogun ẹlẹ́ṣin ló sì yàn láàyò. Nígbà tí Salazar di olórí ìjọba ní 1932, tó sì fi ọlọ́pàá inú àti òfin tó de ẹnu àwọn oníwèé ìròyìn mú gbogbo ìlú mọ́lẹ̀, Spínola wà lára àwọn ọ̀dọ́ ológun tó sin ìjọba náà tọkàntọkàn, kò sì sí àmì kankan fún ọ̀pọ̀ ọdún pé ọkàn rẹ̀ fẹ́ nǹkan mìíràn. Ní 1941 ó wà lára àwọn ọ̀gá ológun Potogí tó lọ wo bí àwọn ọmọ ogun Jámánì ṣe ń jagun ní ilẹ̀ Sófíẹ̀tì. Nígbà tí ogun òmìnira bẹ́ sílẹ̀ ní Àngólà ní 1961, ó ti lé ní ẹni àádọ́ta ọdún, ọjọ́ orí tí ọ̀pọ̀ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń jókòó sínú ọ́fíìsì, ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ ló yọ̀ǹda ara rẹ̀ láti kó ọmọ ogun lọ síbẹ̀.

Gínì-Bìsáù ni orúkọ rẹ̀ ti wá di ńlá. Ilẹ̀ kékeré ni, abàtà àti odò ló sì gba ibi tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Cabral àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti dá ẹgbẹ́ PAIGC sílẹ̀ níbẹ̀ ní 1956 láti jà fún òmìnira Gínì àti ti àwọn erékùṣù Cape Verde. Ní ọjọ́ 3 oṣù kẹjọ ọdún 1959, àwọn òṣìṣẹ́ èbúté Pidjiguiti ní ìlú Bissau daṣẹ́ sílẹ̀ pé kí wọ́n fi kún owó iṣẹ́ àwọn, ìbọn ni ìjọba sì fi dá wọn lóhùn. Àwọn tó kú níbẹ̀ tó nǹkan bí àádọ́ta. Láti ọjọ́ náà ni ẹgbẹ́ náà ti pinnu pé ẹ̀bẹ̀ lásán kò lè ṣiṣẹ́, nígbà tó sì di oṣù kìíní ọdún 1963, ogun bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí Salazar fi máa rán Spínola lọ gẹ́gẹ́ bí gómìnà àti olórí ogun ní oṣù karùn-ún ọdún 1968, ọ̀pọ̀ ìgbèríko ni àwọn Potogí kò lè wọ̀ mọ́ láìsí bàálù lókè àti ọ̀pọ̀ ìbọn nílẹ̀. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni Salazar ṣubú, tí àìsàn sì gba ìjọba lọ́wọ́ rẹ̀. Marcelo Caetano ló bọ́ sípò rẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án ọdún kan náà.

Àwọn tó rí Spínola ní Bissau kì í gbàgbé bó ṣe ń múra. Ojú kan ṣoṣo ló máa ń fi jígí sí, jígí róbótó kan tó fi egungun ojú há mọ́lẹ̀. Á wọ ìbọ̀wọ́ aláwọ, á sì mú ọ̀pá kékeré kan lọ́wọ́, àní nínú ẹrẹ̀ abàtà níbi tí ìjà ti ń lọ lọ́wọ́. Hẹlikọ́pítà ló fi ń kiri, á balẹ̀ lójijì sí bárékè tí kò retí rẹ̀, á sì bá àwọn ọmọ ogun tí kò ní ipò kankan sọ̀rọ̀ lójúkojú. Nítorí náà ni ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ológun ṣe fẹ́ràn rẹ̀. Lára àwọn tó ṣiṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀ níbẹ̀ ni Otelo Saraiva de Carvalho, tó wá di ẹni tó ṣètò ìdìtẹ̀ ọdún 1974, àti Ramalho Eanes, tí àwọn ará Pọ́túgàl dìbò yàn sípò ààrẹ ní 1976.

Ohun tó yà á sọ́tọ̀ sí àwọn gómìnà tó ṣáájú rẹ̀ ni pé ó tètè rí i pé ìbọn nìkan kò lè gba ilẹ̀ náà padà. Ó pe ètò rẹ̀ ní “Fún Gínì tó sàn jù”. Ó tú àwọn ẹlẹ́wọ̀n òṣèlú sílẹ̀ ní 1969, ó la ọ̀nà, ó kọ́ ilé ẹ̀kọ́ àti ilé ìwòsàn, ó sì ṣètò bí àwọn Mùsùlùmí ilẹ̀ náà ṣe ń rí owó ìjọba lọ sí Mẹ́kà. Ó tún dá àpérò kan sílẹ̀ tó pè ní Àpérò Àwọn Ènìyàn, níbi tí àwọn baálẹ̀ àti àṣojú ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan ti ń sọ ẹ̀dùn ọkàn wọn níwájú gómìnà. Mo mọ̀ pé àwọn kan máa ń fi èyí hàn bí àmì pé inú rẹ̀ dára sí àwọn ènìyàn dúdú. Èrò tèmi ni pé kò yẹ ká gbọ́n jù láti gba oore tó ṣe fún oore, ṣùgbọ́n kò yẹ ká gbàgbé ohun tó torí rẹ̀ ṣe é. Ohun tó ń wá ni bí yóò ṣe gba àwọn ará ìlú lọ́wọ́ Cabral. Ilé ẹ̀kọ́ tó kọ́ wà lára ogun tó ń jà, nítorí pé bàálù rẹ̀ kò ṣíwọ́ jíju bọ́ǹbù sí àwọn abúlé tó wà lọ́wọ́ PAIGC ní àkókò kan náà.

Ọdún 1970 fi ojú rẹ̀ méjèèjì hàn. Ní oṣù kẹrin, ó rán ọ̀gá ológun mẹ́ta onípò Méjọ̀ lọ bá àwọn ọ̀gágun PAIGC kan sọ̀rọ̀ nínú igbó láìmú ìbọn dání, ó lérò pé wọ́n fẹ́ túúbá. Ńṣe ni wọ́n pa àwọn Méjọ̀ náà. Ní ọjọ́ 22 oṣù kọkànlá, ọkọ̀ ojú omi àwọn Potogí gbé ọmọ ogun lọ sí Conakry, olú-ìlú orílẹ̀-èdè Gínì kejì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Gínì-Bìsáù, tó ti gba òmìnira tirẹ̀, láti bi ìjọba Ààrẹ Sékou Touré ṣubú, kí wọ́n sì pa àwọn olórí PAIGC tó fi ibẹ̀ ṣe ibùdó. Wọ́n tú àwọn Potogí 26 tó wà lẹ́wọ̀n níbẹ̀ sílẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kò rí Touré, wọn kò sì rí Cabral. Spínola mọ̀ sí i, òun ló sì fọwọ́ sí i. Ìgbìmọ̀ Ààbò Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé dá Pọ́túgàl lẹ́bi lórí rẹ̀ ní oṣù tó tẹ̀ lé e.

Lẹ́yìn èyí ló tún gbìyànjú ọ̀nà àlàáfíà. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1972, ó lọ pàdé Ààrẹ Léopold Senghor ní Cap Skirring ní gúúsù Sẹ̀nẹ̀gàl, Senghor sì là á sílẹ̀ bí wọ́n ṣe lè dá ìjà dúró, kí ilẹ̀ náà máa ṣàkóso ara rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí tí yóò fi yan ọ̀nà tó wù ú. Inú Spínola dùn sí i. Nígbà tó mú ọ̀rọ̀ náà dé Lisbon, Caetano kọ̀ jálẹ̀. Ó ní ó tẹ́ òun lọ́rùn kí ogun ṣẹ́ àwọn ní Gínì ju kí àwọn bá àwọn tó pè ní afẹ̀míṣòfò jókòó ṣàdéhùn, nítorí pé Àngólà àti Mòsámbíìkì yóò béèrè irú rẹ̀. Mo gbà pé ibẹ̀ gan-an ni ìgbàgbọ́ tí Spínola ní nínú àwọn ọ̀gá rẹ̀ ti já. Ó ń rán àwọn ọmọ ẹni ẹlẹ́ni lọ kú nítorí ogun tí olórí ìjọba fúnra rẹ̀ ti gbà pé àwọn lè pàdánù.

Ní ti ikú Cabral tí ẹ béèrè, alẹ́ ọjọ́ 20 oṣù kìíní ọdún 1973 ni wọ́n yìnbọn pa á níwájú ilé rẹ̀ ní Conakry, ọmọ ẹgbẹ́ PAIGC ni ẹni tó yìn ín, Inocêncio Kani sì ni orúkọ rẹ̀. Ìjà wà nínú ẹgbẹ́ náà láàárín àwọn ọmọ Gínì àti àwọn ọmọ Cape Verde, àwọn Potogí sì ti ń fi owó àti ìlérí ta iná sí ìjà náà látọjọ́ pípẹ́. Spínola sẹ́ títí dọjọ́ ikú rẹ̀ pé òun kò pàṣẹ rẹ̀, kò sì sí ìwé àṣẹ kan tó jáde tó fi ọwọ́ òun gan-an hàn. Ẹ lè sọ fún àwọn ọmọ pé ìjọba tó ṣojú fún ti gbìyànjú láti pa Cabral ní 1970, èyí dájú. Ṣùgbọ́n kí ẹ má ṣe kọ ọ́ sójú pátákó pé òun ló pa á.

Bí wọ́n bá rò pé ikú Cabral yóò pa iná ogun, òdìkejì rẹ̀ ni wọ́n rí. Kàkà kí ewé àgbọn dẹ̀, ńṣe ló ń le sí i. Láti oṣù kẹta ọdún 1973, àwọn ọmọ ogun PAIGC bẹ̀rẹ̀ sí í lo ohun ìjà Sófíẹ̀tì tí wọ́n ń pè ní Strela, èyí tí ẹnì kan ṣoṣo lè gbé lé èjìká tí yóò sì já bàálù lulẹ̀. Ojú ọ̀run tí Spínola gbẹ́kẹ̀ lé bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ní oṣù karùn-ún, àwọn Potogí sá fi bárékè Guileje sílẹ̀ ní gúúsù. Ní oṣù kẹjọ, ó padà sí Lisbon, nígbà tó sì di ọjọ́ 24 oṣù kẹsàn-án, PAIGC kéde òmìnira ní Madina do Boé láìdúró de àṣẹ ẹnikẹ́ni.

Nítorí náà, olùkọ́, ẹ bá mi sọ fún ẹlẹgbẹ́ yín pé ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ti gbà pé Gínì-Bìsáù ti di òmìnira kí Spínola tó dé orí àga ààrẹ. Ẹni tí ogun àwọn ọmọ Áfíríkà fi ojú rẹ̀ rí òótọ́ ni, kì í ṣe ẹni tó fi òmìnira ta wọ́n lọ́rẹ.

Ìbéèrè kejì

Ẹ̀yin olóòtú, mo kí yín. Mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ọba, nígbà ogun abẹ́lé wa ni mo sì jẹ́ ọ̀dọ́. Mo rántí pé nígbà náà, orúkọ Pọ́túgàl kì í dùn létí ẹnikẹ́ni ní Èkó. Ṣé ọkùnrin tí ẹ ń sọ yìí ní nǹkan kan ṣe pẹ̀lú tiwa?

Bàbá kan, Ìbàdàn

Ìdáhùn

Ẹ kú àgbà, Bàbá. Ìrántí yín tọ̀nà. Ìjọba Pọ́túgàl ti Bíáfúrà lẹ́yìn nígbà ogun tó bẹ̀rẹ̀ ní 1967 tó sì parí ní oṣù kìíní ọdún 1970, nítorí pé Nàìjíríà jẹ́ orílẹ̀-èdè ńlá tó ń ta ko ìmúnisìn, bó bá sì fọ́, ìrọ̀rùn ni fún Lisbon. Àwọn bàálù tó ń gbé ohun ìjà láti Lisbon máa ń balẹ̀ sí Bissau kí wọ́n lè rọ epo, kí wọ́n tó kọjá sí São Tomé, kí wọ́n sì tó wọ pápákọ̀ òfurufú Uli lóru. Láti oṣù karùn-ún ọdún 1968, Spínola ni gómìnà ní Bissau. Àṣẹ Lisbon ló ń gbà lórí ọ̀rọ̀ yìí, kò sì sí ohun tó fi hàn pé òun ló dá a sílẹ̀, ṣùgbọ́n abẹ́ ìṣàkóso rẹ̀ ni ibùdókọ̀ náà wà.

Ìdí kejì tí orúkọ wọn fi burú létí yín ni ìkọlù Conakry tí mo mẹ́nu bà lókè. Kò tíì tó ọdún kan tí ogun wa parí nígbà tó ṣẹlẹ̀, ìlú Èkó gan-an ni àwọn mínísítà Àjọ Ìṣọ̀kan Ilẹ̀ Áfíríkà sì ti pé jọ ní oṣù Kejìlá ọdún 1970 láti bu ẹnu àtẹ́ lù ú. Nítorí náà, kì í ṣe àhesọ lẹ gbọ́ nígbà náà, Bàbá.

Ìbéèrè kẹta

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀yin ará wa. Lọ́ńdọ̀nù ni mò ń gbé, mo sì lọ kí ọ̀rẹ́ mi kan ní Lisbon. A gba ojú pópó ńlá kan kọjá tí wọ́n kọ orúkọ Máṣà António de Spínola sí. Ọ̀rẹ́ mi, tó jẹ́ ọmọ Gínì-Bìsáù, bínú gan-an, ó ní apànìyàn ni wọ́n ń bọlá fún. Nígbà tí mo wá a lórí íntánẹ́ẹ̀tì, mo rí i pé ẹni tó gbìyànjú láti dojú ìjọba tiwa-n-tiwa dé ni, tó sì sá kúrò nílùú. Báwo ni irú ẹni bẹ́ẹ̀ ṣe di ẹni àpọ́nlé?

Arábìnrin kan, Lọ́ńdọ̀nù

Ìdáhùn

Arábìnrin wa, ẹ kú ìrìn àjò o. Ìbéèrè yín yìí ló le jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, mo sì fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ bá mi rìn ín, nítorí pé láàárín oṣù mẹ́tàlá péré ni ọkùnrin yìí fi gun òkè tó ga jù nínú ayé rẹ̀ tó sì tún ṣubú lulẹ̀ láti ibẹ̀.

Lẹ́yìn tó kúrò ní Bissau, wọ́n fi í ṣe igbákejì olórí gbogbo àwọn ọmọ ogun ní oṣù kìíní ọdún 1974. Ní ọjọ́ 22 oṣù kejì, ìwé rẹ̀ tó pè ní “Portugal e o Futuro”, ìyẹn Pọ́túgàl àti Ọjọ́ Iwájú, jáde. Ohun tó wí nínú rẹ̀ kò ju pé ogun Áfíríkà kò ní ìṣẹ́gun tí ìbọn lè mú wá, pé òṣèlú nìkan ló lè parí rẹ̀, àti pé kí Pọ́túgàl àti àwọn ilẹ̀ Áfíríkà jọ wà nínú ìjọba àpapọ̀ kan. Ní etí tiwa lónìí, ọ̀rọ̀ náà kò le. Ṣùgbọ́n ẹ ronú sí i: ní ìlú tí wọ́n ti lè gbé ènìyàn lọ sẹ́wọ̀n nítorí ìwé pélébé kan tó bá ta ko ogun, ọ̀gágun tó gboyè jù lẹ́nu ogun náà ló dìde láti sọ pé kò ṣeé borí. Àwọn ènìyàn ra ìwé náà bí ẹni ra búrẹ́dì nígbà ìyàn. Caetano fúnra rẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́yìn náà pé nígbà tí òun kà á tán ni òun ti mọ̀ pé ìdìtẹ̀ kò ní ṣàì wáyé.

Ní oṣù kẹta, wọ́n pe àwọn ọ̀gágun pé kí wọ́n wá búra níwájú Caetano pé àwọn wà lẹ́yìn ìjọba. Spínola kò lọ, ọ̀gá rẹ̀ Costa Gomes kò lọ, wọ́n sì yọ àwọn méjèèjì nípò ní ọjọ́ 14. Àwọn kápúténì tó ti ń pàdé ní ìkọ̀kọ̀ láti 1973 ló wá ṣe ìyókù. Ní ọjọ́ 25 oṣù kẹrin ọdún 1974, wọ́n gba Lisbon, àwọn ará ìlú tú síta, wọ́n sì ń ki òdòdó pupa bọ ẹnu ìbọn àwọn ọmọ ogun. Caetano sá wọ bárékè Carmo, Kápúténì Salgueiro Maia sì yí i ká pẹ̀lú àwọn ọkọ̀ ogun láti Santarém. Caetano ní òun kò ní gbé ìjọba lé kápúténì lọ́wọ́, pé ọ̀gágun ni kí wọ́n mú wá, kí agbára má baà já sílẹ̀ sójú títì. Spínola ni wọ́n lọ pè. Nígbà tí mọ́tò rẹ̀ dé ojúde Carmo ní ìrọ̀lẹ́, èrò pọ̀ débi pé ọkọ̀ náà kò lè rìn, àwọn ènìyàn ń lu bọ́ǹẹ́ẹ̀tì rẹ̀, wọ́n ń hó yèè. Kì í ṣe òun ló ṣètò ìdìtẹ̀ náà. Àwọn tó ṣètò rẹ̀ wà níbẹ̀ pẹ̀lú aṣọ wọn tó ti rin fún òógùn. Ṣùgbọ́n ojú tirẹ̀ ni gbogbo orílẹ̀-èdè rí lórí tẹlifíṣọ̀n ní òru ọjọ́ náà, tó jókòó láàárín ìgbìmọ̀ ológun ẹlẹ́ni méje, tó ń ka ìkéde ìjọba tuntun.

Ó di ààrẹ ní ọjọ́ 15 oṣù karùn-ún, ibẹ̀ sì ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Òun ń ronú nípa ìjọba àpapọ̀ tí ìdìbò yóò fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ní Áfíríkà fún ọdún mélòó kan. Àwọn kápúténì, tó jẹ́ pé àwọn ni wọ́n máa padà rán lọ sínú igbó bí ọ̀rọ̀ bá pẹ́, fẹ́ kí ogun parí lójú ẹsẹ̀. Ní Gínì-Bìsáù, àwọn ọmọ ogun Potogí ti ń jókòó bá àwọn PAIGC mu ọtí kí Lisbon tó fọwọ́ sí ohunkóhun. Ní ọjọ́ 27 oṣù keje, Spínola sọ fún gbogbo ayé pé Pọ́túgàl gbà pé àwọn ilẹ̀ Áfíríkà ní ẹ̀tọ́ sí òmìnira, nígbà tó sì di ọjọ́ 10 oṣù kẹsàn-án, ìjọba rẹ̀ gba Gínì-Bìsáù gẹ́gẹ́ bí orílẹ̀-èdè. Ó ka ìkéde náà bí ẹni tí wọ́n fà lọ síbẹ̀. Àngólà ló kù tó ń dì mú, ilẹ̀ ọlọ́rọ̀ tí àwọn aláwọ̀ funfun pọ̀ sí, ó sì fẹ́ máa darí ọ̀rọ̀ rẹ̀ fúnra rẹ̀. Nítorí rẹ̀ ló ṣe lọ pàdé Mobutu, ààrẹ Zaire tó bá Àngólà pààlà, ní erékùṣù Sal ní Cape Verde.

Nígbà tó rí i pé agbára ń bọ́ lọ́wọ́ òun, ó ké sí àwọn tó pè ní ọ̀pọ̀ ènìyàn tí kò sọ̀rọ̀ pé kí wọ́n tú síta fún òun ní ọjọ́ 28 oṣù kẹsàn-án. Àwọn ẹgbẹ́ òsì, ìyẹn àwọn kọ́múnísì àti àwọn tó ronú bíi tiwọn, dí gbogbo ọ̀nà tó wọ Lisbon, àwọn ológun kò gbà, ìwọ́de náà kò wáyé, ó sì kọ̀wé fi ipò sílẹ̀ ní ọjọ́ 30. Costa Gomes ló gba ipò rẹ̀. Ká ní ó jókòó sílé láti ọjọ́ náà ni, ìwọ àti ọ̀rẹ́ rẹ ìbá má ní púpọ̀ láti bá a jà lé lórí. Ní ọjọ́ 11 oṣù kẹta ọdún 1975, àwọn bàálù gbéra láti Tancos, wọ́n sì ju bọ́ǹbù sí bárékè kan ní Lisbon. Ọmọ ogun kan kú, ìdìtẹ̀ náà fọ́, Spínola sì wọ hẹlikọ́pítà sá lọ sí Sípéènì, láti ibẹ̀ dé Bràsíl. Bí ìjọba ṣe ń yí sí apá òsì, èyí tó fẹ́ dá dúró, ló wá yára sí i: láàárín ọjọ́ mélòó kan, ìjọba gba gbogbo báńkì mọ́ ọwọ́ ara rẹ̀.

Láti ìgbèkùn ló ti dá ẹgbẹ́ MDLP sílẹ̀, ẹgbẹ́ tí àwọn ènìyàn rẹ̀ ń ju bọ́ǹbù sí ọ́fíìsì àwọn ẹgbẹ́ òsì ní àríwá Pọ́túgàl. Ní 1976, oníròyìn Jámánì kan, Günter Wallraff, díbọ́n bí ẹni tó lè bá a rí ohun ìjà rà. Spínola jókòó tì í, ó sì ṣàlàyé ohun tó ń fẹ́ fún un. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà tú síta, Siwítsálandì tó ń gbé nígbà náà lé e jáde. Ọ̀gágun tó kọ ìwé pé ìbọn kò lè yanjú ọ̀rọ̀ Áfíríkà ló wá ń wá ìbọn tí yóò fi yanjú ọ̀rọ̀ ìlú tirẹ̀. Nínú gbogbo ìtàn rẹ̀, ibí yìí ló ń dùn mí jù, nítorí pé kò sí ẹni tó fi ipá mú un ṣe é.

Ó padà wálé ní oṣù kẹjọ ọdún 1976, wọ́n mú un, wọ́n sì tú u sílẹ̀ láìpẹ́. Ní 1981 wọ́n fi oyè Máṣà dá a lọ́lá, oyè tó ga jù lọ fún ológun, ní 1987 sì ni Ààrẹ Mário Soares fi àmì ẹ̀yẹ Ilé Ìṣọ́ àti Idà kọ́ ọ lọ́rùn. Ó kú ní ọjọ́ 13 oṣù kẹjọ ọdún 1996 ní Lisbon, wọ́n sì fi orúkọ rẹ̀ sọ ojú pópó tí ẹ rí. Soares kì í ṣe ọ̀rẹ́ àwọn apàṣẹwàá. Salazar ti jù ú sẹ́wọ̀n, ó sì ti lé e kúrò nílùú rí. Ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ àti àwọn tó ronú bíi tirẹ̀ ni pé bí wọn kò bá fa àwọn ológun apá ọ̀tún àti apá òsì mọ́ra lápapọ̀, ìjọba tiwa-n-tiwa kò ní fẹsẹ̀ múlẹ̀. Mo lóye ìdí tí wọ́n fi ṣe é. Ẹ̀san ìwé rẹ̀ àti ti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Carmo ni mo ka àmì ẹ̀yẹ náà sí, mo sì gbà pé ó tọ́ sí i fún ìyẹn. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń fi í pọ̀ mọ́ àwọn tó bí ìjọba tiwa-n-tiwa ní Pọ́túgàl ń sọ àsọdùn: Salgueiro Maia àti àwọn kápúténì ló bí i, Spínola sì gbìyànjú láti pa á kó tó pé ọmọ ọdún kan.

Ní ti ọ̀rẹ́ yín tó bínú, ẹ má ṣe bá a jiyàn, nítorí pé nǹkan kan wà tí àwọn tó ń kọ ìtàn Spínola ní Lisbon kì í gbé yẹ̀ wò tó. Òun ló kó ọ̀pọ̀ ọmọ Gínì-Bìsáù wọ iṣẹ́ ológun Potogí, títí kan ẹgbẹ́ akọni tí gbogbo ọ̀gá wọn jẹ́ ènìyàn dúdú. Ó sọ fún wọn pé ọmọ Pọ́túgàl ni wọ́n, pé Gínì tó ń bọ̀ yóò jẹ́ tiwọn. Nígbà tí àsìkò tó, àwọn Potogí wọ ọkọ̀ lọ sílé, wọ́n gba ìbọn lọ́wọ́ àwọn ọmọ ogun dúdú wọ̀nyí, wọ́n sì fi wọ́n sílẹ̀ fún ìjọba tuntun tó kà wọ́n sí ọ̀dàlẹ̀. Ìjọba náà pa ọ̀pọ̀ nínú wọn láìgbé wọn lọ sílé ẹjọ́. Lẹ́yìn tí Nino Vieira gbàjọba ní oṣù kọkànlá ọdún 1980, ìwé ìròyìn ìlú náà fúnra rẹ̀ ló kéde pé àwọn tí wọ́n pa tí wọ́n sì sin papọ̀ sínú ihò kan náà ní àwọn ibi bíi Cumeré tó nǹkan bíi 500. Ẹ̀jẹ̀ wọn wà lọ́rùn àwọn tó pa wọ́n, ṣùgbọ́n ẹni tó fi ìlérí kó wọn wọnú aṣọ ogun, tó sì jẹ́ ààrẹ ní Lisbon nígbà tí wọ́n fọwọ́ sí àdéhùn tí wọ́n fi kúrò níbẹ̀, ní ìdáhùn tirẹ̀ láti fún ìtàn. Lára àwọn tó yè, àwọn kan ṣì wà ní Bissau àti ní Lisbon tí wọ́n ń béèrè owó ìfẹ̀yìntì àti ìwé ọmọ onílùú lọ́wọ́ Pọ́túgàl tí wọ́n jà fún.